Ilé Bàbá Yín Lè Di Ilé Sáyẹ́ǹsì: Ìmọ̀ràn Mẹ́jọ fún Ọ̀dọ́ Adégbayì

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Adégbayì, ní Alákìá àti Ẹgbẹ́dá, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àárín ìgboro Ìbàdàn ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bàbá yín wà ní Lágelú, Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà-Arà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. 

Ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ ni mo ní bá yín sọ. Ní agbègbè wa yìí, bí bàbá bá kú tó fi oko kòkó àti ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ sílẹ̀, a ó sìnkú, a ó pa màlúù, ogójì ọjọ́ a sì pé. Lẹ́yìn náà la ó pe sọ̀fíyọ̀. Kí ọdún tó yí po, oko ti di púlọ́ọ̀tì, ilé ti di àlàpà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ta ilẹ̀. Ẹni tó ní gbèsè lọ́rùn mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé nínú ilé mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Àwọn ènìyàn ti ṣe é níbòmíràn, ó sì ti pẹ́ ju ayé ẹni tó ṣe é lọ. Àmọ́ ilé nìkan kò tó. Ìwé tó dúró, owó ìtọ́jú, àti olùkọ́ tí kì í pa ọjọ́ jẹ, àwọn ló ń sọ ilé ẹni tó ti kú di ilé ẹ̀kọ́.

1. Ẹ mọ ohun tí àìmọ̀ ti gbà lọ́wọ́ wa.

Ní àwọn ọdún 1940, àrùn kan wọ oko kòkó ní ìhà ìlà-oòrùn Ìbàdàn, ní àwọn abúlé wa yìí gan-an. Ẹ̀ka igi a máa wú, ewé a máa yí àwọ̀ padà, igi a sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí i ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, àti pé kòkòrò funfun kéékèèké tí ń fa omi ara igi ló ń gbé e láti igi dé igi. Kò sí oògùn tó ràn án. Ìjọba bá rán àwọn òṣìṣẹ́ wọlé láti máa gé igi lulẹ̀. Àgbẹ̀ ń wo igi tí èso ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ṣubú. Ariwo ta, ẹgbẹ́ Máyégún sì dìde láti tako gígé kòkó.

Ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú dá kún ìjà náà, mi ò jiyàn. Síbẹ̀, àgbẹ̀ kò rí ohun tí oníṣẹ́ ìjọba ní òun rí. Ká ní ọmọ àgbẹ̀ kan wà lábúlé tó lè fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá han bàbá rẹ̀, kó ní, “Bàbá, ẹ wo kòkòrò náà, ẹ wo ibi tó ti ń mu omi ara igi,” igi ì bá ṣì ṣubú, ṣùgbọ́n bàbá ì bá mọ ìdí rẹ̀, ì bá sì mọ ohun tí yóò ṣọ́ lára èyí tí yóò tún gbìn. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Sáyẹ́ǹsì ti wọ oko wa ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Àwa ni kò tíì wọ inú rẹ̀.

2. Ẹ béèrè ẹni tó ni ilé kí ẹ tó fi tọrẹ.

Ọ̀pọ̀ yín ń pe ilé ní “ilé bàbá mi”, bẹ́ẹ̀ bàbá bàbá yín ló kọ́ ọ, ẹ̀tọ́ gbogbo agbo ilé ló sì wà nínú rẹ̀. Ní àṣà Yorùbá, ẹni tó bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀. Yorùbá sì ní ọ̀nà méjì tí a fi ń pín ogún: ìdí-igi, tí à ń wo iye ìyá, àti orí-ò-jorí, tí à ń wo iye ọmọ. Ní Èkó, Suberu Dawodu kú ní 1940, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyá mẹ́rin bí sílẹ̀. Ẹjọ́ ogún rẹ̀, Dawodu àti Danmole, rìn títí ó fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. 1962 ni wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lù ú níbẹ̀ pé ìdí-igi ṣì jẹ́ àṣà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láàárín ikú bàbá àti ìdájọ́ yẹn, ọdún 22 ti kọjá.

Nítorí náà, ohun tó jẹ́ ti ẹbí, ẹnì kan ṣoṣo kò lè fi í tọrẹ nínú ìwé ìhágún. Òfin ìhágún tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní 1958 sọ ọ́ kedere pé ohun tí àṣà ìbílẹ̀ kò bá fún ọ láṣẹ láti fi sílẹ̀ fún ẹni tó wù ọ́, ìwé ìhágún rẹ kò ní agbára lórí rẹ̀. Bí ilé bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ lọ bá Mọ́gàjí, olórí agbo ilé, kẹ́ ẹ kó àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan jọ, kí gbogbo wọn fọwọ́ síwèé. Ẹ pe sọ̀fíyọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde, ẹ nílò àṣẹ ìjọba bí ẹ bá fẹ́ gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tó ń súni ni o. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ìjà, ọlọ́pàá ni yóò ṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ wọ ibẹ̀.

3. Bí ilé bá jẹ́ tìrẹ gan-an, kọ ìwé ìhágún rẹ lójú lọ́yà.

Ẹ má bẹ̀rù pé ẹni tó kọ ìwé ìhágún yóò tètè kú. Ẹni tí kò kọ ọ́ náà ń kú. Fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Má ṣe fi ẹni tí yóò jẹ nínú ogún náà ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ó lè pàdánù ohun tí o fún un.

Ẹ gbọ́ ti Alfred Nobel, ọmọ Swídìn tó ṣe dáínámáìtì. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá 1895, ní Párís, ó fọwọ́ sí ìwé ìhágún tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láìpe lọ́yà. Ó ní kí wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó òun dá ẹ̀bùn sílẹ̀ fún àwọn tó bá ṣe ọmọ aráyé lóore nínú físíìsì, kẹ́mísírì, ìmọ̀ ìṣègùn, lítíréṣọ̀ àti àlàáfíà. Ó kú ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1896. Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan ní àwọn kò gbà. Ìbéèrè mìíràn tún yọjú: níbo gan-an ni ilé ọkùnrin yìí? Ó ní ilé ní Párís, ó ní ní Sanremo nílẹ̀ Ítálì, ó sì ní òmíràn ní Björkborn ní Swídìn. Ilé ẹjọ́ ìlú tó bá jẹ́ tirẹ̀ ni yóò dá sí ọ̀rọ̀ ogún rẹ̀. Níkẹyìn, ti Björkborn ló borí. Emanuel, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó lè gba owó ńlá bí ìwé náà bá ṣubú, ló dúró gbọn-in pé ohun tí òkú fẹ́ ni kí wọ́n ṣe. 1900 ni wọ́n tó dá àjọ náà sílẹ̀, 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ fúnni ní ẹ̀bùn. Òun náà ni Wọlé Ṣóyínká tiwa gbà ní 1986. Ilé Björkborn sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ti ń fi yàrá àyẹ̀wò Nobel han àlejò.

Bí ìwé olówó ayé bá lè mì báyẹn nítorí àìpe lọ́yà, tiwa ńkọ́? Ẹ sì máa gbàdúrà kí ọmọ bí Emanuel wà nínú ẹbí yín. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ jẹ́ ẹ.

4. Ẹ so ẹ̀bùn mọ́ iṣẹ́.

Ẹni tó bá kọ “mo fi ilé yìí sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́” lásán kò tíì sọ nǹkan kan. Ní 1722, Dókítà Hans Sloane, tó ti ra ilẹ̀ Chelsea ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, yá ẹgbẹ́ àwọn apoògùn ní ọgbà éékà mẹ́rin tí wọ́n ti ń fi ewé àti egbò kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wọn. Owó ilẹ̀ náà jẹ́ pọ́n-ùn márùn-ún lọ́dún, títí ayé. Ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn sí i: lọ́dọọdún, wọ́n gbọ́dọ̀ kó oríṣi ewé àádọ́ta tí wọ́n ti sá gbẹ lọ fún Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀, títí yóò fi pé 2,000. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: ẹni tó gbọ́dọ̀ mú àádọ́ta ewé wá lọ́dọọdún kò lè jẹ́ kí ọgbà di igbó. Ọgbà náà wà ní Chelsea títí di òní.

Mi ò ní fi pamọ́ fún yín pé lára owó Sloane, oko ìrèké Jamaica tó tọwọ́ ìyàwó rẹ̀ wá ló ti jáde, níbi tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti ń làágùn. Ọgbọ́n àdéhùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ fi owó yẹn sílẹ̀ fún ìtàn kó dá a lẹ́jọ́.

Nínú ìwé tiyín, ẹ kọ ohun tí ojú lè rí. Ẹ kọ ọ́ pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ ayálégbé àti ọmọ lébìrà oko ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ onílé, àti pé ọmọbìnrin kò ní máa gbálẹ̀ kí ọmọkùnrin máa di ohun èlò mú. Ẹ kọ ibi tí ilé yóò lọ bí iṣẹ́ bá dúró: ṣé yóò padà sọ́wọ́ ẹbí ni, àbí yóò lọ sọ́dọ̀ yunifásítì? Kí ilé má sì wà lórúkọ ẹnì kan, ẹ fi orúkọ àwọn alámòójútó sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees. Ẹnì kan lè kú, ó lè rìnrìn àjò, ó sì lè yíwà padà. Ìgbìmọ̀ tí òfin mọ̀ yóò wà níbẹ̀.

5. Ẹ fi owó ìtọ́jú ti ilé.

Ilé tí kò lówó lẹ́yìn, páànù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí. Ní Oníkan ní Èkó, Dókítà J. K. Randle kọ́ odò ìwẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú ní òpin àwọn ọdún 1920, kí wọ́n lè mọ omi wẹ̀. Oore ńlá ni. Síbẹ̀, nígbà tó yá, ibẹ̀ bàjẹ́, àfìgbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tún un kọ́ ní ayé òde òní, tí wọ́n sì kọ́ ilé àṣà Yorùbá tó ń jẹ́ orúkọ Randle sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Owó pàápàá nílò ẹ̀ṣọ́. James Smithson, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní 1829. Ó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ó ní bí ọmọ náà bá kú láìní àrólé, kí gbogbo rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí òun kò tilẹ̀ dé rí, láti dá ibùdó ìmọ̀ sílẹ̀ ní Washington. Ọmọ náà kú ní 1835. Ní 1838, owó wúrà tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là dé. Kí ni ìjọba ṣe? Wọ́n yá ìpínlẹ̀ Arkansas àti àwọn mìíràn lówó náà, Arkansas kò sì rí i san. John Quincy Adams, ẹni tó ti ṣe ààrẹ rí, ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ilé aṣòfin pé kí wọ́n dá owó olóògbé padà. 1846 ni wọ́n tó dá Smithsonian sílẹ̀.

Ohun tó kọ́ wa ni pé kí ẹ má fi owó ilé ẹ̀kọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń bá ìṣèlú tàbí káràkátà kiri. Bí ẹ bá ní púlọ́ọ̀tì mẹ́fà, ẹ fi ọ̀kan kọ́ ṣọ́ọ̀bù ojú títì, kí owó rẹ̀ máa tọ́jú ilé. Bí ẹ bá ní kòkó tàbí ọ̀pẹ, ẹ kọ sínú ìwé iye tí yóò máa lọ síbẹ̀ nínú owó èso. A. G. Leventis, oníṣòwò ará Kípírọ́sì tó kú ní 1978, irú ọ̀nà yìí ló tọ̀: láti inú ohun tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1979, àjọ yìí ló sì ń ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Iléṣà lẹ́yìn, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ọ̀gbìn ìgbàlódé. Ìṣòwò bàbá parí sí ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

6. Ẹ jẹ́ kí ilé fúnra rẹ̀ máa kọ́ni.

Ẹ má jókòó máa dúró de ohun èlò láti òkè òkun. Ilé àtijọ́ tó wà lóko, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun gan-an ni yàrá àyẹ̀wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé. Òjò tó ga tó mílímítà kan lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, lítà kan ni. Òjò Ìbàdàn sábà máa ń tó nǹkan bíi mílímítà 1,200 sí 1,300 lọ́dún. Bí páànù ilé bá fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá níbùú àti lóròó, ẹ ní kí ọmọ ṣe ìṣirò rẹ̀: omi tó ń ṣàn dànù lórí ilé kan ṣoṣo yóò lé ní lítà 120,000 lọ́dún! Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn òjò fún ọdún kan kò ní bẹ̀rù ìṣirò mọ́, yóò sì mọ ìgbà tí bàbá rẹ̀ lè gbin àgbàdo ju ẹni tó ń sọ àfojúbù lọ.

Ẹ wá sí ara ògiri. Ẹ fi tẹmọ́mítà kan sínú yàrá alámọ̀, ẹ fi òmíràn sínú yàrá búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ kọ iye tó bá sọ ní agogo méjì ọ̀sán àti ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Àwọn ọmọ yóò rí i fúnra wọn bí ògiri amọ̀ tó nípọn ṣe ń fa ooru wọlé díẹ̀díẹ̀, tó sì ń dá a padà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ lọ sẹ́yìnkùnlé. Ẹ fi tẹmọ́mítà sínú òkìtì kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ooru inú rẹ̀ yóò gòkè dé nǹkan bí 45 sí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láìsí iná níbẹ̀. Kí ló ń dáná? Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ṣúgà inú omi kòkó ni. Ẹ bi ìyá yín ìdí tó fi ń rin ẹ̀gẹ́, tó ń dì í sínú àpò, tó ń jẹ́ kó kan kó tó yan án ní gaàrí. Májèlé sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ ló ń lé jáde. Kẹ́mísírì lọwọ́ ìyá yín ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀yin ló kù kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ìwọ̀n kòkó bàbá àgbà. Lítà omi kan, kílò kan. Ọmọ tó bá mọ èyí lè gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 sórí ìwọ̀n oníkòkó, kó yọ ìwúwo kẹ́ẹ̀gì kúrò, kó sì mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ bàbá òun jẹ.

7. Ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn tó mọ̀.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò wa ló wà. Moor Plantation, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà tipẹ́. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ibùdó ìwádìí kòkó, CRIN, wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ láti 1964. IITA, ibùdó àgbáyé fún ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, dé ní 1967, ó sì wà ní Akínyẹlé níbí lórí hẹ́kítà bí ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀mọ̀wé Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, wá síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ tí àrùn kì í tètè mú. Àgbẹ̀ Ìkirè, tó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ tí ẹ bá ti kọjá Aṣejire, mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀ débi pé wọ́n fi í joyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ tẹ̀ lé lẹ́tà náà lọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n rán ẹnì kan wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n fún yín ní awò tí wọn kò lò mọ́. Ẹ wá àwọn agùnbánirọ̀ tó ka sáyẹ́ǹsì. Ẹ wá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń jókòó sílé ní Adégbayì níbí, kẹ́ ẹ sì máa fún un lówó ọkọ̀, nítorí ẹnu dídùn nìkan kì í gbé tíṣà dé ibi iṣẹ́. Ilé tó ní olùkọ́ kan tó ń wá déédéé sàn ju ilé tó kún fún ohun èlò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ alága.

8. Ẹ má sun ìwé bàbá yín.

Bí a bá sìnkú tán, àpótí ìwé la kọ́kọ́ ń kó sínú iná. Henry Carr, ọmọ Èkó tó gboyè nínú ìṣirò àti físíìsì ní Fourah Bay, kú ní 1945. Ìwé tó kó jọ sílé rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba rà á, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé inú ilé ẹnì kan di ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ fi di dókítà àti ẹnjiníà.

Bàbá tiyín lè má ní ju ìwé àkọsílẹ̀ owó kòkó kan lọ. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ tọ́jú àwòrán rẹ̀, àdá rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ilé àti ọdún tó kọ́ ọ sára ògiri. Ọmọ tó bá wá kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àgbẹ̀ ló ṣe é lóore.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nígbà tí ẹbí bá péjọ ní Iléyá tàbí Kérésì tó ń bọ̀, kí ọ̀kan nínú yín dìde, kó béèrè pé ilé wo ni a kò ní tà. Bí ẹ bá ti fẹnu kò lórí ọ̀kan, ẹ pe lọ́yà kí àlejò tó tú ká.